Ọkùnrin Tí Kì Í Fi Àmì Sí Ọ̀rọ̀

Ẹ má wulẹ̀ bi ọkọ mi pé ta ló jàre. Ẹ máa dàgbà síbẹ̀ ni. Ọkùnrin tí mo fẹ́ yìí lè wo àwọn méjì tó di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú, kó ní, "Aṣọ ẹ̀yin méjèèjì mà dára o." Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló ń ṣe, ìyẹn ni pé òun ló ń fi ọ̀dà kọ orúkọ iṣẹ́ sára pátákó fún àwọn oníṣòwò. Ní gbogbo òpópónà wa, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Bàbá Agbedeméjì ni wọ́n ń pè é, torí agbedeméjì ló máa ń dúró sí nínú ìjà èyíkéyìí. Kò ní sún mọ́ ọ̀tún, kò ní sún mọ́ òsì, bí ẹni tó ń sá fún ọ̀dà tútù kó má ta sí i láṣọ.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Èmi á se ọbẹ̀ tèmi, ìyá náà á se tirẹ̀, a ó gbé méjèèjì síwájú rẹ̀, a ó sì dúró tì í láti gbọ́ èyí tó dùn jù. Ọkọ mi á jẹ tèmi tán, á jẹ ti ìyá rẹ̀ tán, á nu ẹnu, á ní, "Mo ti yó." Ìyá ọkọ mi á wò mí, èmi náà á wò ó, ẹ̀rín á sì pa wá. Títí tí àgbà náà fi papò dà la fi jọ ń bá ara wa rẹ́ dáadáa, ọkùnrin yìí la sì jọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn o. Ìwà rẹ̀ yẹn wúlò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà ní ìkóríta wa, obìnrin ni àwọn méjèèjì, búrẹ́dì ni wọ́n jọ ń ṣe. Ọkọ mi ló kọ pátákó wọn: TEGBON TABURO ONIBUREDI. Lọ́jọ́ kan ni ìjà bẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò ń jẹ́ kí búrẹ́dì jóná, àbúrò ní ẹ̀gbọ́n ló ń sùn nídìí àrò. Ọ̀rọ̀ dé orí ẹni tí ìyá wọn fẹ́ràn jù, ó di èébú, ó di igbe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n sáré wá: "Bàbá Agbedeméjì, ẹ bá mi pa TABURO rẹ́ kúrò lára pátákó yẹn!" Ọkọ mi ní, "Ó dáa. Ọ̀dà ló tán, mò ń retí rẹ̀." Nígbà tó di ọ̀sán, àbúrò dé: "Ẹ bá mi pa TEGBON rẹ́!" Ọkọ mi ní, "Ó dáa. Ọ̀dà ló tán, mò ń retí rẹ̀."

Ọ̀dà wo ló tán? Ọ̀dà kún inú garawa méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, òórùn rẹ̀ ni mo fi ń sùn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ọ̀dà fi wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ̀gbọ́n bá béèrè pé, "Kí ni onítọ̀hún sọ nípa mi?" ọkọ mi á ní kò sọ nǹkan kan. Bí àbúrò bá béèrè, kò sọ nǹkan kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ: "Ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ etí mi, ó ti délé, kì í jáde mọ́." Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì tó jóná, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Ojú ò ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, torí ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ gbogbo èébú yẹn, kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ yẹn, mo fi ọkọ mi yangàn dé ìdí omi ẹ̀rọ.

Àfi kíkọ rẹ̀. Ọkọ mi kì í fi àmì sórí lẹ́tà. Bó bá kọ ọ̀rọ̀, gbalaja báyìí ló máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò ní sí àmì lókè, kò ní sí lábẹ́. Ó ní àmì máa ń jẹ́ kí ọ̀dà ro sílẹ̀. Irọ́ ni. Nígbà tó ṣì ń fi àmì sí i, àwọn oníbàárà máa ń bá a jiyàn: eléyìí ní báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè é nílé àwọn, tọ̀hún ní báyìí gan-an ni. Ó rò ó títí, ó pa àmì tì. Ó ní, "Ẹni tó bá ń kà á ni kó fi ohùn tirẹ̀ sí i." Kò sẹ́ni tó bá a jà mọ́ láti ọjọ́ yẹn, inú rẹ̀ sì dùn.

Ilé tí a ń gbé, yàrá mẹ́fà ni, mẹ́ta dojú kọ mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà láàrín. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni èmi ń ṣe, mo ń fọ aṣọ, mo ń lọ aṣọ. Tábìlì áyọ́ọ̀nù mi wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kò sì sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nílé náà tí kò ní gba iwájú mi kọjá. Bàbá Onílé, tó ni ilé, iṣẹ́ wáyà iná àti fáànù ló ṣe títí ara fi kọ̀ fún un. Òun ló ní kí ọkọ mi bá òun kọ òfin ilé márùn-ún sára pátákó kan, kí a gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òfin kejì lọ báyìí: E MA PA INA ODEDE.

Háà! Ìdajì ilé kà á pé ẹ má pa á, ìdajì kà á pé ẹ máa pa á. Tíṣà tó wà ní yàrá kẹrin á pa iná, ẹnì kan á tan án, tíṣà á tún jáde wá pa á, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Wọ́n ṣe é, wọ́n ṣe é, títí gílóòbù fi kú. Tíṣà lọ bá ọkọ mi: "Ẹ̀gbọ́n, má ni àbí máa?" Ọkọ mi ní, "Ohun tó wà lára pátákó náà ni." A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá.

Òfin karùn-ún ni kò ṣeé rẹ́rìn-ín sí. Ó ní: ARANSO MA LO YARA IWAJU.

Àǹtí Aránṣọ ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ránṣọ nínú yàrá iwájú. Yàrá yẹn nìkan ló ní fèrèsé ńlá tó kọjú sí òpópónà, ojú Àǹtí sì ti ń ṣe bàìbàì. Nídìí fèrèsé yẹn, ó lè ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ kó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ. Ní ibòmíràn nínú ilé, kò lè rí ojú abẹ́rẹ́ rárá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ okùn dúdú lára aṣọ dúdú. Bí yàrá yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àlàyé míì.

Ẹni tó fẹ́ yàrá náà ni Onífáànù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Onílé bí. Fáànù ló ń tún ṣe, lábẹ́ páànù kan lẹ́yìnkùlé. Bí òjò bá rọ̀, á máa sáré kó fáànù káàkiri, bí adìyẹ tó ń kó ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti bẹ bàbá rẹ̀ fún yàrá iwájú, bàbá kọ̀, wọ́n jà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àárín ìgbà yẹn ni ọkọ mi kọ pátákó. Kí oṣù náà tó parí, Bàbá Onílé ti kú. Onífáànù dákẹ́ fún ọdún kan, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun lé èèyàn nígbà tí ilẹ̀ sàréè bàbá òun ò tíì gbẹ.

Òjò ọdún yìí ló wá da nǹkan rú. Omi wọlé sí fáànù mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Onífáànù jáde láàárọ̀, ó dúró síwájú pátákó, ó na ìka sí òfin karùn-ún, ó kà á sókè: "Aránṣọ má lo yàrá iwájú."

Àǹtí Aránṣọ yọjú, tòun ti téèpù lọ́rùn. "Aránṣọ máa lo yàrá iwájú," ló wí. "Bàbá fúnra wọn ló sọ ọ́ fún mi."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Wọ́n lè ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí èmi bá wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ pátákó. Bàbá mi yí ọkàn padà. Wọ́n gbọ́ tèmi." Bó ṣe sọ "wọ́n gbọ́ tèmi" yẹn, ojú rẹ̀ tàn. Mo rí i, mo sì rò pé ojúkòkòrò ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì àti garawa tí a dojú dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Onílé sọ òfin rẹ̀, ọkọ mi ni. Onífáànù yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Kí ni bàbá mi sọ?"

Ọkọ mi wúkọ́. Ó ṣí fìlà, ó gbọn ún, ó dé e padà. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sún mọ́ mi. Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lára pátákó ló wà níbẹ̀."

Àwọn èèyàn ń mi orí. "Àgbà ni," ni wọ́n ń wí. "Kò fẹ́ dá ilé rú." Kí ló wá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Onífáànù ní níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ṣì í kà, òun fún Àǹtí di ọjọ́ Sátidé kó fi kó ẹrù rẹ̀. Ẹ ò rí i? Ọkọ mi dúró sáàrín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ò tẹ́jú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé ni gbogbo nǹkan yí lọ. Àǹtí Aránṣọ kàn ń ká téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u, ó ń ká a. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là oníkọ́là tó wà lórí tábìlì mi.

Bí a ṣe wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Kí ni Bàbá sọ?"

"Ìyàwó mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó."

"Ẹ dúró dá mi lóhùn. Kí ni Bàbá sọ?"

Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó wo garawa ọ̀dà bí ẹni pé ìyẹn máa bá a sọ ọ́. Ó ní, "Máa ni."

"Máa?"

"Máa. Aránṣọ máa lo yàrá iwájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́."

"Ta ló wá gbé A kejì jẹ?"

Ni ọkùnrin yìí bá jókòó, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Onífáànù pàdé òun lẹ́nu géètì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá mi kọ ọ̀rọ̀ aránṣọ yẹn sí pátákó." Bàbá wà ní iwájú òun, ẹ̀bẹ̀ ọmọ wà létí òun. Òun bá kọ MA, òun dákẹ́. Bàbá kà á, ó rí máa, ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ kà á, ó rí má, òun náà rẹ́rìn-ín. "Inú àwọn méjèèjì dùn!" ló wí. "Ṣé ìyẹn ò dáa ni? Mi ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ẹ ò purọ́ lóòótọ́. Ẹ kàn gé òótọ́ sí méjì ni, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ààbọ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn."

Ó ní òun ò lè lọ. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ báyìí, Onífáànù ò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé, ó sì dà bí àbúrò fún òun. Mo ní Àǹtí Aránṣọ ńkọ́? Ó yíjú sí ògiri.

Ẹ ó ní kí ló dé tí èmi fúnra mi ò lọ sọ ọ́. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ Àǹtí Aránṣọ sì ni gbogbo ilé mọ̀ mí sí. Wọ́n á ní mo ń gbè sẹ́yìn ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo ilé máa gbà gbọ́, ẹnu ọkùnrin tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọdún mélòó ló fi kó irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ jọ, ọjọ́ tó tó lò, ó jókòó lé e.

Ó dáa. Èmi náà di Ìyá Agbedeméjì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé oúnjẹ ti délẹ̀?"

Mo ní, "Àwọn kan ní ó ti délẹ̀, àwọn kan ní kò tíì délẹ̀. Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni."

Ó wò mí. "Bùbá mi funfun dà?"

"Ohun tó wà nínú àpótí ló wà níbẹ̀."

"Ṣé o ń bínú sí mi ni?"

"Bí ẹ bá ṣe kà á náà ni."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fẹ́ lọ rí oníbàárà kan, ó mú ṣòkòtò rẹ̀ lórí tábìlì mi. Mo ti lọ ẹsẹ̀ kan, ó ń dán, ó gún régé. Mo fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ ní rírún. Ó gbé e sókè, ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tó wà láàrín àwọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Tíṣà tó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọkọ mi wọ ṣòkòtò náà jáde bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ Àǹtí, kó tó máa lọ.

Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí Aránṣọ fúnra rẹ̀ wá bá a níwájú ilé, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé pátákó pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, èyí tó fi máa ń tẹ́ aṣọ lé bó bá ń gé e. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, mo ń sá aṣọ. Ó kí ọkọ mi dáadáa, ó kí mi, kò fajú ro.

"Bàbá Agbedeméjì, mo mú iṣẹ́ wá fún yín. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbí pé: Aránṣọ ti kó lọ."

Ọkọ mi gba pátákó náà. Ó ta okùn ẹfun sí i kí ìlà lè gún, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó fi pẹ́ńsù fa lẹ́tà rẹ̀ sí i, ó lẹ́wà bó ṣe máa ń lẹ́wà: ARANSO TI KO LO. Àǹtí gbé e súnmọ́ imú, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Aránṣọ tí kò lọ," ló kà. Ó bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Bàbá Agbedeméjì, èyí ní mi ò lọ o!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Àǹtí nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí èyí fún mi. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fi sí i. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi á dé, wọ́n á kà á, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà títí, wọ́n á ní mo ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa dúró lásán."

"Kí ni ká kọ sábẹ́ rẹ̀?" ni ọkọ mi béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Níbo lẹ kó lọ?"

"Ẹ ṣì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná. Mi ò tíì mọ̀."

Kò fi bú u o. Kò mọ ohun tí ọkọ mi mọ̀, kí ló máa fi bú u? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀. Ọkọ mi ti búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù bọ inú ọ̀dà, ó gbé e sókè KO, níbi tí àmì máa wà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì náà padà sínú ọ̀dà.

"Mi ò lè kọ ọ́," ló wí.

"Kí ló dé?" ni Àǹtí béèrè. "Ṣé ọ̀dà ti tán?"

Ọkọ mi fi pátákó náà sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó mú ọ̀dà, ó wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Èmi ju aṣọ oníṣẹ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó gun àpótí náà níwájú òfin ilé. Àyè tó wà láàrín MA àti LO ò ju ìbú ìka kan lọ. Ó fara mọ́ pátákó, ó kọ A kékeré kan sáàyè yẹn, ó wá fi àmì lé èyí àkọ́kọ́ lórí, gán-ún: MÁA. Ọ̀dà ro lóòótọ́ o, ó ṣàn dé ìsàlẹ̀ pátákó.

"Gbogbo ilé, ẹ gbọ́ o!" Mi ò gbọ́ ohùn ọkọ mi lókè bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. "Máa ni Bàbá Onílé sọ! Aránṣọ máa lo yàrá iwájú! Mo wà níbẹ̀, etí mi ló gbọ́ ọ, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní ìkọkúkọ!"

Ilẹ̀kùn ń ṣí. Tíṣà yọrí jáde. "Ẹ̀gbọ́n! Òfin kejì ńkọ́?"

"Máa! Ẹ máa pa á!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Tíṣà fò sókè, ó sáré lọ pa iná, bẹ́ẹ̀ gílóòbù ibẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rín ṣẹ́. Àǹtí Aránṣọ di ọwọ́ mi mú, ó ń fún un, ó ń fún un. Inú mi dùn sí ọkọ mi débi pé mo fẹ́ gbé e lórí àpótí yẹn.

Ìgbà yẹn ni Onífáànù gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, gírísì dé ìgúnpá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rìn lọ síwájú pátákó, ó wo A tó ṣì tútù yẹn. Mo rò pé ó máa pariwo, mo ti ń to èsì jọ sẹ́nu.

"Máa ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Máa ni, àbúrò. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Má bínú."

"Ọdún kan," ni Onífáànù wí. "Àràárọ̀ ni mò ń dúró síbí kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ rò pé yàrá ni mò ń kà? Mo rò pé bàbá mi gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó kú ni. Ìyẹn ni mò ń kà lójoojúmọ́."

Gbogbo èsì tí mo tò sẹ́nu, mo gbé e mì. Ojú tì mí. Mo ti ń pe ọmọ náà ní olójúkòkòrò láti ọjọ́ yìí wá.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó lórí àpótí. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọ̀dà nu iwájú orí, ó kun ara rẹ̀, kò mọ̀. Ó ní, "Àbúrò, ó ṣẹ́ ku ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn òfin karùn-ún, Bàbá tún sọ̀rọ̀. Mi ò gbé e wá fún ẹ, torí mo máa ń ní mi ò kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lọ fún ẹlòmíì."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní, ojú aránṣọ ló ń fẹ́ fèrèsé, ọmọ òun ò nílò rẹ̀. Wọ́n ní, 'Ọwọ́ ọmọ yẹn ju tèmi lọ. Mo máa ń jókòó síbí, kí n máa tẹ́tí sí fáànù tó bá tún ṣe. Kì í dún rárá. Tèmi máa ń dún.'" Ọkọ mi nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Wọ́n wá ń wo ojú mi. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fún ẹ. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀."

Onífáànù fara ti ògiri. Àǹtí Aránṣọ gbé àga fún un, kò jókòó. "Wọ́n ní ọwọ́ mi ju tàwọn lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Bàbá mi? Bàbá mi tí wọn ò yìn mí rí?"

"Àwọn náà ni."

"Ẹ tún un sọ."

Ọkọ mi tún un sọ, láti orí fèrèsé dé orí fáànù tí kì í dún. Onífáànù ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi apá nu ún, gírísì sì kún ojú rẹ̀ lọ rẹrẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrín wa. Bàbá mi ṣì lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún láyé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ẹ ò bá ti kan ilẹ̀kùn mi."

Ọkọ mi kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó rọra ń sọ ọ́, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, ó ń fi ohùn bàbá arúgbó yẹn sí i.